Inú Oríkèé Ni Kí A Ti Wò Ó

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi jù lọ́jọ́ tí omi oríkèé bá dé láti ọ̀dọ̀ aláìsàn tí ara rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà, tí a fẹ́ ka risẹ́pítọ̀ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì T inú rẹ̀, ọmọ ogun ara, fi ń dá ọ̀tá mọ̀.

Jíìnì tí a bí mọ́ wa mọ níwọ̀n, risẹ́pítọ̀ wa kò sì lóǹkà. Susumu Tonegawa ló tú àdììtú yìí lára sẹ́ẹ̀lì B ní 1976, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Bákan náà ni ti sẹ́ẹ̀lì T: a máa gé jíìnì rẹ̀, a sì tò ó bí ẹni ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀ nínú igbá mẹ́ta. Ojú ìsopọ̀ wọn ni mo máa ń tẹjú mọ́ jù: níbẹ̀ ni ó ti ń fi lẹ́tà tí kò jogún kún un.

Ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti fà, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì tó ń ba oríkèé jẹ́, inú oríkèé ló ti ń bímọ, risẹ́pítọ̀ kan náà sì ni gbogbo ọmọ rẹ̀ ń gbé. Kí a kà wọ́n bó ti yẹ ni ọgbọ́n iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ ní láti ṣẹ̀dà jíìnì náà lọ́pọ̀ kí a tó lè kà á, kì í sì í ṣe é dọ́gba. Bí ọ̀kan bá wá pọ̀ rẹpẹtẹ, ṣé sẹ́ẹ̀lì ló bí i ni àbí ẹ̀rọ? Nítorí náà, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń so àmì mọ́ RNA kọ̀ọ̀kan (ẹ̀dà jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ṣe), lẹ́tà bíi mẹ́wàá tí kò tẹ̀lé ètò kankan. Ẹ̀dà risẹ́pítọ̀ kan tí àmì wọn bá dọ́gba, ẹyọ kan péré la kà wọ́n sí. Ọgbọ́n kékeré yìí wù mí gan-an ni!

Ẹ wo ankylosing spondylitis, tó ń mú eegun ẹ̀yìn lẹ̀ pọ̀. Láti 1973 la ti mọ̀ pé jíìnì HLA-B27 wọ́pọ̀ lára àwọn tó ń ṣe. Ní 2022, àwọn olùwádìí rí risẹ́pítọ̀ tó jọra, tí TRBV9, ọ̀kan nínú àwọn ìlẹ̀kẹ̀ jíìnì wọ̀nyẹn, wà nínú wọn, nínú oríkèé àwọn aláìsàn àti nínú ojú àwọn tí àrùn náà kan ojú wọn. Risẹ́pítọ̀ wọ̀nyí ń dá èròjà ara wa mọ̀, wọ́n sì ń dá ti bakitéríà mọ̀. Àwọn oníṣègùn ní Rọ́ṣíà ti fún aláìsàn kan ní oògùn tó ń pa kìkì sẹ́ẹ̀lì onírú TRBV9, tí ìyókù àjẹsára rẹ̀ sì wà ní ipò. Ara rẹ̀ balẹ̀.

Làkúrègbé tó ń wó oríkèé ọwọ́ kò tíì ní irú oògùn bẹ́ẹ̀. Risẹ́pítọ̀ tirẹ̀ ni èmi ń wá.