Àwọn Freddie, tàbí Queen? Orúkọ, oyè àti adelé nínú ẹgbẹ́ olórin tó pààrọ̀ akọrin

1. Ìjiyàn náà

Láti ọdún 2012 ni Brian May tó ń ta gìtá àti Roger Taylor tó ń lu ìlù ti ń gbé orin Queen kiri ayé pẹ̀lú Adam Lambert, akọrin ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní ọdún 1982. Freddie Mercury, tó ń lé orin ẹgbẹ́ náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1970, kú ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 1991. John Deacon, tó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ti fẹ̀yìn tì láti nǹkan bí ọdún 1997. Nígbàkígbà tí wọ́n bá kéde ìrìn àjò tuntun ni àwọn olólùfẹ́ wọn máa ń pín sí méjì. Àwọn kan ní Queen ti bá Freddie lọ, owó ni wọ́n kàn ń fi òkú pa. Àwọn kejì ní orin kì í kú. Méjì nínú àwọn tó dá a sílẹ̀ ṣì wà láàyè, ta ni yóò wá ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́?

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń bá a bọ̀, síbẹ̀ igun kan kò yí èkejì lérò padà. Èrò wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé orúkọ ni wọ́n ń jà lé lórí ju ohùn lọ. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu igun méjèèjì, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un kò jọra. Èdè Yorùbá ní irinṣẹ́ tí a lè fi tú wọn sọ́tọ̀.

2. Orúkọ ènìyàn tàbí oyè?

Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì:

(1) Àwọn Freddie ti dé.
(2) Alákétu ti dé.

Nínú (1), «àwọn» kò sọ Freddie di púpọ̀. Freddie àti àwọn tó yí i ká ni a ń sọ. Orúkọ ẹnì kan la fi so gbogbo wọn pọ̀. Bí a bá ní àwọn Freddie ti dé, tí Freddie fúnra rẹ̀ kò sì sí láàárín wọn, olùgbọ́ yóò béèrè àlàyé. Nínú (2), oyè ni. Ọba wàjà, wọ́n fi òmíràn jẹ, ẹni tuntun náà sì ń jẹ́ Alákétu. Ará Kétu kankan kò ní sọ pé kì í ṣe Alákétu nítorí pé ojú rẹ̀ kò jọ ti ìṣáájú.

Àwọn tó ní Queen ti kú ń lò ó bí (1). Àwọn tó ní ó ṣì wà ń lò ó bí (2). Bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà lásán, igun kejì ló jàre: Queen kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn, ọbabìnrin sì ni ìtumọ̀ rẹ̀, oyè gan-an. Ṣùgbọ́n ìlò ló ń sọ ọ̀rọ̀ di ohun tó jẹ́. Bí ojú kan bá wà níwájú fún ogún ọdún, oyè lè di orúkọ ẹni náà lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Ẹgbẹ́ AC/DC fi òdìkejì hàn wá. Bon Scott kú ní ọjọ́ 19 oṣù kejì ọdún 1980. Kí oṣù keje ọdún kan náà tó parí, Brian Johnson ti bọ́ sípò rẹ̀, àwo Back in Black sì ti jáde. Bon Scott pàápàá kọ́ ló kọ́kọ́ lé orin níbẹ̀. Dave Evans ló wà níwájú kí ó tó dé ní ọdún 1974. Lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ wọn, AC/DC ti ń ṣe bí oyè tipẹ́, ìdí nìyẹn tí Johnson fi rí ibi jókòó sí.

3. Àmì ìròpọ̀

May àti Taylor kò kọ Queen lásán sára tíkẹ́ẹ̀tì. «Queen + Adam Lambert» ni wọ́n kọ, bí wọ́n ti ṣe kọ «Queen + Paul Rodgers» láàárín ọdún 2004 sí 2009. Bí a bá ka àmì náà, «àti» ni yóò jáde lẹ́nu wa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gírámà mọ ohun tí «àti» máa ń béèrè:

(3) Òun àti Àyìndé wá.
(4) *Ó àti Àyìndé wá.

«Ó» kò lè dúró níbẹ̀, nítorí pé ohun tó bá lè dá dúró nìkan ni «àti» ń so pọ̀. Ohun méjì ni àmì yìí wá ń sọ. Ìkínní, Lambert kò sí nínú Queen. Ìkejì, Lambert kì í ṣe «ó» tí wọ́n fi rọ́pò Freddie. Ẹni tó lórúkọ tirẹ̀ ni. Òtítọ́ ni èyí, ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì kò sì lè sọ pé wọ́n tan òun.

Àléébù tiẹ̀ wà lápá òsì àmì náà. Mẹ́rin ni Queen tẹ́lẹ̀, méjì ló kù lórí ìtàgé. Àmì ìròpọ̀ sọ ẹni tó dé fún wa. Kò sí àmì ìyọkúrò tó sọ àwọn tó lọ. Díẹ̀ nínú àwọn tó ń jà ló ń dárúkọ Deacon, bẹ́ẹ̀ ó wà láàyè. Èyí fi hàn pé ìṣirò iye ènìyàn kọ́ ló ń bí wọn nínú. «Àwọn Freddie» ni wọ́n ní lọ́kàn.

4. Adelé àti àrólé

Arọ́pò nìkan kò tó láti pe gbogbo àwọn akọrin wọ̀nyí. Ó kàn sọ pé ẹnì kan bọ́ síbi tí ẹlòmíràn wà ni. Adelé ń tọ́jú ilé, ṣùgbọ́n ilé kì í ṣe tirẹ̀. Àrólé ló jogún ilé, ó sì lè kọ́ yàrá kún un. Ìdánwò tó rọrùn jù láti fi mọ̀ wọ́n ni orin tuntun.

Ní ọdún 2016, etí dá Brian Johnson dúró lẹ́nu ìrìn àjò AC/DC, Axl Rose sì bá wọn parí rẹ̀. Adelé ni: kò bá wọn ṣe àwo kankan, Johnson náà sì padà sípò, ó wà nínú àwo Power Up ti ọdún 2020. Johnson ni àrólé. Paul Rodgers ni tirẹ̀ nira láti pè. Àmì ìròpọ̀ fi í sípò adelé, síbẹ̀ òun àti wọn ṣe àwo tuntun, The Cosmos Rocks, ní ọdún 2008. Lójú tiwa, orúkọ kan kò lè gbé méjèèjì. Bí àlejò bá ń kọ́ yàrá, onílé ní láti sọ bóyá ó ti di ọmọ ilé.

Lambert kò tíì bá wọn ṣe àwo orin tuntun. Adelé ni, ní ilé tí àwọn afọbajẹ kò ní í lọ́kàn láti fi ẹlòmíràn jẹ mọ́. Iṣẹ́ adelé sì ló yẹ kí a fi díwọ̀n rẹ̀. Kò fara wé Freddie, kò wọ aṣọ rẹ̀, ọ̀nà tirẹ̀ ló ń gbà kọrin, ó sì máa ń sọ fún èrò ìwòran pé òun kọ́ ni Freddie. Bí ó bá di orí Love of My Life, May a jókòó pẹ̀lú gìtá, a fi ohùn ara rẹ̀ kọ ọ́, àwòrán Freddie a sì yọ lára ògiri ìtàgé. Adelé tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun kúrò lójú ọ̀nà ṣe dáadáa.

Ibẹ̀ náà ni a ti rí àìlera eré yìí. Tíkẹ́ẹ̀tì ń lo Queen bí oyè, àwòrán inú eré ń lò ó bí «àwọn Freddie». Ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kò yan ọ̀kan. Kí wá ni ìdí tí àwọn olólùfẹ́ wọn yóò fi fohùn ṣọ̀kan?

5. Ìgbà wo ni arọ́pò ń parí?

Ìbéèrè yìí kan ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 2007, Neal Schon ti ẹgbẹ́ Journey rí Arnel Pineda, ará Philippines, lórí YouTube. Pineda bá wọn ṣe àwo tuntun, Revelation, ní ọdún 2008. Nípa ìdánwò wa, àrólé ni, kò sì sí àmì ìròpọ̀ kankan lára orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gba Journey sínú Rock and Roll Hall of Fame ní ọdún 2017, orúkọ Steve Perry wà lára àwọn tí wọ́n dá lọ́lá. Ti Pineda kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló kọrin fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà. Perry alára, ọdún 1977 ló dé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà ti wà. Gregg Rolie ló ń lé orin ṣáájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe Perry ní arọ́pò.

Nítorí náà, iye ọdún kọ́ ló ń sọ arọ́pò di onílé lẹ́nu àwọn olólùfẹ́. Ohùn tó wà nínú àwo nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orin náà ni wọ́n ń pè ní onílé. Ẹni tó bá ń pe Pineda ní arọ́pò títí di òní ń sọ nípa ìgbà èwe ara rẹ̀ ju bó ṣe ń sọ nípa akọrin náà lọ. Olólùfẹ́ lómìnira láti sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gba ìrántí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ olórin ni kò ní irú òmìnira yẹn. Bí adelé ló bá fẹ́, kí ó fi àmì rẹ̀ sí i bí Queen ti ṣe. Bí ó bá sì ti gba orin tuntun lọ́wọ́ ẹnì kan, tó ti fi ohùn rẹ̀ jẹun fún ọdún púpọ̀, kí ó fi í joyè, kí ó sì dárúkọ rẹ̀ nígbà tí ọlá bá dé.