Ìbà fún Olè: Àjò Ọ̀pẹ́rà Alágbe láti Lọ́ńdọ̀nù dé Ifẹ̀

Ní oṣù Kejì ọdún 1960, Ella Fitzgerald dúró níwájú èrò ní gbọ̀ngàn Deutschlandhalle ní ìlú Berlin, ó ń kọ "Mack the Knife". Orin náà kò tíì jìnnà tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fi sá mọ́ ọn lẹ́nu. Kò dákẹ́. Bí ohùn ti ń lọ ló ń dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. Ó fi orin sọ fún àwọn olùgbọ́ pé òun ti gbàgbé, ó dárúkọ Bobby Darin àti Louis Armstrong tí wọ́n ti kọ ọ́ ṣáájú òun, ó tún fi ohùn háháhá sín Armstrong jẹ. Wọ́n gbé àṣìṣe yìí sínú àwo bó ṣe rí, àwo náà sì gba ẹ̀bùn Grammy. Ẹnikẹ́ni kò pè é lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ilé-ìtàgé kan nínú ìlú yẹn kan náà fẹ́ ṣe odindi eré tí orin náà ti jáde wá, tó sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kún un, àfi kó kọ́kọ́ lọ tọrọ àṣẹ.

Orí ìyàtọ̀ yìí ni àwọn tó ń ta láísẹ́ǹsì orin àti eré ti ń jẹun. Ẹni tó fẹ́ kọ orin kan ṣoṣo lóde àríyá tàbí lórí rédíò, owó díẹ̀ ni yóò san fún ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn olórin gbowó, ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹni tó fẹ́ gbé eré náà sórí ìtàgé tìtàn-tìtàn, torin-torin, àfi kó bá olóhun fúnra rẹ̀ tàbí aṣojú rẹ̀ dúnàádúrà. Wọn yóò bi í pé àga mélòó ló wà nínú gbọ̀ngàn, alẹ́ mélòó ni yóò fi ṣe é, èló ni tíkẹ́ẹ̀tì. Ìwé àdéhùn yóò sì kà á léèwọ̀ fún un láti yọ ìran kan tàbí láti yí ọ̀rọ̀ padà. Mo tètè sọ èyí nítorí pé eré tí a fẹ́ yẹ̀ wò yìí, olè ló pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, àwọn tó ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ìran dé ìran náà kò sì káwọ́ kúrò lára ohun olóhun.

Ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1728 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Beggar's Opera, iṣẹ́ ọwọ́ John Gay, ní gbọ̀ngàn Lincoln's Inn Fields ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀pẹ́rà Ítálì ló gbòde láàárín àwọn ọlọ́lá nígbà náà, eré tó kún fún ọba àti òrìṣà. Gay kó ọba àti òrìṣà dà sẹ́yìn, ó kó olè, aṣẹ́wó, wọ́dà àti agbódegbà síwájú. Peachum ni agbódegbà yìí: òun ló ń ra ẹrù olè, òun náà ló ń fa olè lé ìjọba lọ́wọ́ nígbà tí èrè ara rẹ̀ bá ti tán. Ara Jonathan Wild, ẹni tí wọ́n so kọ́ ní Tyburn ní 1725, ni Gay ti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà lórí ìjókòó mọ̀ pé Robert Walpole, olórí ìjọba, ni òkò náà ń bà.

Ohun tó kàn wá jù ni orin. Orin 69 ló wà nínú eré náà, ohùn tí gbogbo ìlú ti mọ̀ ni Gay sì fi kọ wọ́n: orin ìgboro, orin ijó, kódà ohùn kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Handel, ọ̀gá àwọn oníṣẹ́ Ọ̀pẹ́rà Ítálì tó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Kò san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òun gan-an sì ni agbára eré náà. Bí èèyàn bá gbọ́ ohùn tó mọ̀, tí ọ̀rọ̀ tí kò retí wá gun ohùn náà lẹ́yìn, ẹ̀rín á já lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ ohun tó ń rín. Àwọn ọmọ iléèwé wa tó ń fi ohùn orin ìsìn bú tíṣà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Alẹ́ 62 ni wọ́n fi ṣe eré náà ní sáà àkọ́kọ́, ohun tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù.

Gay wá kọ ìtẹ̀síwájú rẹ̀, ó pè é ní Polly. Olóyè ààfin tó ń bójú tó eré nílùú dá a dúró kí wọ́n tó ṣe é rárá. Gay tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1729, ìwé náà tà ju bí ìtàgé ì bá ti pa lọ, ni àwọn atẹ̀wé kan bá jí i tẹ̀. Kí ni Gay ṣe? Ó gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Òfin Ọbabìnrin Anne ti ọdún 1710 dáàbò bo ìwé. Kò sẹ́ni tó fi dáàbò bo ohùn orin alágbe ìgboro. Ọkùnrin tó kó orin 69 láì bèèrè ń ṣẹjọ́ pé wọ́n jí tòun. N kò fi èyí bú u, n kò kàn lè sọ ọ́ láì rẹ́rìn-ín ni.

Ní 1737 ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin pé kò sí eré tuntun tó gbọdọ̀ bọ́ sórí ìtàgé láì jẹ́ pé olóyè ààfin náà ti kà á, tó sì fọwọ́ sí i. Ó di 1968 kí wọ́n tó fagi lé agbára yìí. Àwa náà mọ irú rẹ̀. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ Hubert Ogunde nítorí Yorùbá Ronú, eré olórin tí àwọn alágbára ti rí ojú ara wọn. Ẹ̀yìn ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni ìfòfindè náà tó kúrò. Láísẹ́ǹsì méjì ló wà báyìí, ẹ jẹ́ ká má pa wọ́n pọ̀: ti ìjọba, tó ń bèèrè pé "ta lo fẹ́ bú?", àti ti olóhun, tó ń bèèrè pé "ọwọ́ ta lo ti mú un?"

Ilẹ̀ wa ní ẹ̀kẹta tó dàgbà ju méjèèjì lọ. Ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀, ní Kétu àti ní ilẹ̀ Yewa, akọrin kì í bẹ̀rẹ̀ èébú láì júbà. Yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn àgbà tó kọrin ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ìbà bá ti ṣẹ, ó lè kan olóyè, ó lè kan oníwọ̀bìà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un sí i. Ìbà yìí kan náà ló dáhùn ìbéèrè méjèèjì: ó fi hàn pé olórin mọ ibi tí orin ti wá, ó sì gba ẹnu fún un láti sọ̀rọ̀. Ohun tí ìwé àdéhùn òde òní ń ṣe nìyẹn, àfi pé ìbà kì í sọ fún akọrin pé bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ ọ́ ní ọjọ́sí ni kó kọ ọ́ lónìí.

Ọgọ́rùn-ún ọdún méjì lẹ́yìn Gay, eré náà ti di ògbólógbòó kí Lọ́ńdọ̀nù tó tún jí i ní 1920, ní gbọ̀ngàn Lyric ní Hammersmith, níbi tó ti ṣe ju ìgbà 1,400 lọ. Òkìkí rẹ̀ kan Jámánì. Elisabeth Hauptmann, tó ń bá Bertolt Brecht ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í túmọ̀ rẹ̀. Brecht tún un rọ, Kurt Weill dá orin tuntun sí i, wọ́n sì gbé e jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1928 ní Theater am Schiffbauerdamm. Wọ́n pè é ní Die Dreigroschenoper. Àwọn tó náwó ayé àtijọ́ kò ní wá ìtumọ̀ rẹ̀ jìnnà: Ọ̀pẹ́rà Tọ́rọ́ ni.

Brecht pín owó rẹ̀ báyìí: òun mú 62.5 nínú 100, Weill mú 25, Hauptmann mú 12.5. Ọdún kan lẹ́yìn náà, alámèyítọ́ Alfred Kerr tú u fó pé Brecht kó ìlà orin François Villon láti inú ìtumọ̀ K. L. Ammer láì dárúkọ rẹ̀. Brecht kò sẹ́. Èsì rẹ̀ kò ju pé òun kì í le koko lórí ọ̀rọ̀ ohun ìní ọpọlọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nero fẹ́ fi eré náà ṣe fíìmù ní 1930 láì tẹ̀ lé àtúnkọ rẹ̀, kíá ló ti dé kóòtù. Ó pàdánù, wọ́n sì fi owó parí ìjà. Weill jàre ní tirẹ̀. Gay kò bá rí èyí kó má rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ogun, Marc Blitzstein túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún gbọ̀ngàn kékeré Theatre de Lys ní New York. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1954, ó dánu dúró, ó padà wá ní 1955, ó sì ń ṣe é títí di 1961: ó ju ìgbà 2,600 lọ, àwọn kan sì ń tún un lọ wò bí ẹní ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Lotte Lenya, opó Weill, ló ṣe Jenny. Ibẹ̀ ni "Mack the Knife" ti já kúrò lára eré tó bí i. Orin apànìyàn ni. Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980, McDonald's fi ohùn rẹ̀ polówó oúnjẹ, ẹ̀dá kan tí orí rẹ̀ dà bí òṣùpá jókòó sídìí dùùrù. Wọn ò jí i o. Àṣẹ wà ńlẹ̀, wọ́n sanwó. Ẹ wá wo ohun tí láísẹ́ǹsì lè ṣe: ó fún ẹni tí ẹ̀fẹ̀ náà ń bá wí láyè láti fi ṣọjà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1977, níbi ayẹyẹ ìgboyè Yunifásítì Ifẹ̀, Wole Soyinka gbé Opera Wonyosi jáde. Wọ́ńyòsí ni orúkọ léèsì olówó gegere tí àwọn olówó epo ń fi ara wọn hàn nígbà náà, aṣọ tó kún fún ihò tí owó rẹ̀ sì ń da orí rú. Etí tó gbọ́ Yorùbá kò sì ní ṣàìgbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn nínú "ọ̀pẹ́rà" yẹn: òpè ra wọ́ńyòsí. Nínú àkọlé nìkan, Soyinka ti ṣe ohun tí Gay fi ohùn orin ṣe: ó mú ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, ó gbé ìtumọ̀ mìíràn gùn ún.

Kò fi orísun rẹ̀ pamọ́. Macheath ṣì ń jẹ́ Macheath, Polly ṣì ń jẹ́ Polly. Peachum ló di Olóyè Aníkúrá, ọ̀gá àwọn alágbe. Àdúgbò àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Bangui ni ìtàn ti wáyé, ní ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó dé ọba Boky ládé. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá yẹn gan-an ni Jean-Bédel Bokassa fi ara rẹ̀ jọba ní Bangui, nítorí náà eré àti ìròyìn jọ dé Ifẹ̀ ni. Bangui ni Soyinka na ìka sí, Nàìjíríà ni àwọn tó jókòó rí: ológun, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń wá ojú rere, àti ìyìnbọnpànìyàn ní Bar Beach tí èrò ti ń lọ wò láti 1971 bí ẹní ń lọ wo bọ́ọ̀lù.

Ibi ìparí ni mo ti rí bí eré yìí ṣe ń dàgbà. Nínú ti Gay, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ló bẹ alágbe tó kọ eré náà pé kí wọ́n má so Macheath rọ̀, torí àwọn èrò ìwòran fẹ́ ìparí tó dùn. Nínú ti Brecht, ìránṣẹ́ ọbabìnrin ló dé ní ọjọ́ ìwúyè, ó fún olè náà ní ìdáríjì, ó fún un ní oyè àti owó ìfẹ̀yìntì. Soyinka kò ní láti dá nǹkan kan sí i: ìwúyè wà ní Bangui lóòótọ́, ìdáríjì ọba sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó jẹ́ ọgbọ́n orí ìtàgé fún Gay, tó jẹ́ ẹ̀gbin fún Brecht, ti di ìròyìn inú ìwé ìròyìn. Láísẹ́ǹsì olè ni ìran ìparí náà, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ló ń yí padà.

Àwọn alámèyítọ́ apá òsì sọ pé eré náà kò fi ìjà láàárín olówó àti mẹ̀kúnnù hàn bó ti yẹ, Soyinka sì dá wọn lóhùn nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú nígbà tó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé ní 1981. Àléébù tí èmi rí yàtọ̀ sí tiwọn. Ó ti di dandan kí tíṣà dúró ti ọmọ iléèwé òde òní kó tó lè rín apá kan lára àwọn ẹ̀fẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n orin Ẹ̀fẹ̀ náà kì í ju sáà lọ. Ọdún tó ń bọ̀, akọrin á dá òmíràn. Chico Buarque mọ èyí ní Brazil. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba ológun, ó mú Gay àti Brecht, ó gbé wọn lọ sí Rio àwọn ọdún 1940, ó sì pe tirẹ̀ ní Ópera do Malandro. Ifẹ̀ àti Rio kò sí lábẹ́ ọwọ́ ẹnì kan, oṣù mélòó kan péré ló sì wà láàárín wọn.

Ẹ fi èyí wé Munich. Ní 2015, Frank Castorf ṣe Baal, eré mìíràn tí Brecht kọ, ó fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹkọ̀wé mìíràn kún un. Àwọn tó ń bójú tó ogún Brecht gbé ilé-ìtàgé náà lọ sí kóòtù. Wọ́n parí rẹ̀ pé ìgbà méjì péré ni wọ́n tún lè ṣe é, lẹ́ẹ̀kan ní Munich, lẹ́ẹ̀kan ní Berlin. Iṣẹ́ ẹni tó ń ti inú ìwé Ammer yọ orin láì dárúkọ ni wọ́n ń ṣọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ìlẹ̀kùn ti ń ṣí níbì kan. Láti 2024, ọ̀rọ̀ Jámánì Ọ̀pẹ́rà Tọ́rọ́ ti 1928 ti di ti gbogbo èèyàn ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtumọ̀ Blitzstein ṣì ní olóhun. Jámánì ń fún òǹkọ̀wé ní 70 ọdún lẹ́yìn ikú, Brecht sì kú ní 1956, tí a bá kà á, ìparí 2026 ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èèyàn jọ kọ, ikú ẹni tó gbẹ̀yìn ni wọ́n fi ń kà á. Elisabeth Hauptmann, tí wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí atúmọ̀, tó mú 12.5 nínú 100, kú ní 1973. Bí kóòtù bá gbà pé òǹkọ̀wé lòun náà, ó di ìparí 2043.