Oríta ni Ojúẹlẹ́gba: Lórí Àwo Orin Ayọ̀ ti Wizkid

Ẹ̀sùn tí àwọn àgbà sábà máa ń fi kan àwọn olórin ìwòyí ni pé àdàlù ni orin wọn. Wọ́n ní wọ́n kó ràápù wá láti Amẹ́ríkà, wọ́n da fọ́ọ̀nkì mọ́ ọn, wọ́n lú Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ojú títì, wọ́n wá ń pè é ní orin wa. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó ta kókó jù ú lọ wà: orí ilẹ̀ wo ni olórin dúró sí nígbà tí ó ń da nǹkan pọ̀? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ fi yẹ Ayọ̀ wò, àwo orin tí Wizkid gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014.

Surulere ni a ti bí Wizkid ní ọdún 1990. Ayọ̀dèjì Ibrahim Balógun ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi sọ àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ lórúkọ, Superstar, ní 2011. Nígbà tí ó di ti èkejì, inú orúkọ àbísọ rẹ̀ ni ó ti mú un. Ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ; ẹni tó fi orúkọ ara rẹ̀ pe iṣẹ́ rẹ̀ ti fi ilé rẹ̀ hàn wá. Orin inú àwo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogún, wọn kò sì lágbára bákan náà.

Èyí tó gbé gbogbo wọn ró ni ‘Ojuelegba’. Bí a bá tú orúkọ yẹn palẹ̀, ojúbọ Ẹlẹ́gba, èyíinì ni Èṣù, ni ó ń tọ́ka sí. Oríta ni Èṣù ń gbé. Òun ló gbọ́ èdè ènìyàn, tó gbọ́ ti òrìṣà, tó sì ń gbé ẹbọ dé ibi tó yẹ. Ní ti Ojúẹlẹ́gba, ibẹ̀ ni ọ̀nà Yaba, ti Mushin, ti Ìtìrẹ̀ àti ti Surulere ti pàdé. Orin tó ń sọ èdè púpọ̀ kò lè rí ilé mìíràn tó yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlù orin náà rọra, ohùn olórin kò ga. Ó ń ròyìn bí òun ṣe ń sá sókè sódò ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ládùúgbò náà kí ọ̀nà tó là, ó sì ń dúpẹ́ pé òun wà láàyè.

Ní ọdún 1975, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì ti fi oríta yìí kan náà kọrin nínú ‘Confusion’. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tó ń ya wọlé láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìsí ọlọ́pàá láàárín ni àwòrán Nàìjíríà. Ibi tí Fẹlá ti rí ìdàrúdàpọ̀ ni Wizkid ti rí ọpẹ́. Àwọn kan yóò ní àwọn ọmọ yìí kò ní ìbínú nínú. Èsì wa ni pé ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, àti pé ẹni tó ń dúpẹ́ pé òun kò kú ti sọ fún wa bí ikú ṣe sún mọ́ òun tó. Síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ gbà pé orin Fẹlá bi ìjọba léèrè ọ̀rọ̀, ti Wizkid kò bi ẹnikẹ́ni. Àdánù gidi ni èyí, ẹwà orin kò sì lè dí i.

Ní ti àdàlù, Fẹlá tí àwọn àgbà fi ń ṣe òdiwọ̀n kò yàtọ̀. Ó mú hailáìfù, ó mú jáàsì, ó mú fọ́ọ̀nkì irú ti James Brown, ó sì rò ó pọ̀ ní Ìdí-Òrò níbi tí Shrine rẹ̀ wà, tí kò jìnnà sí Ojúẹlẹ́gba. Nítorí náà, nígbà tí Fẹ́mi ọmọ rẹ̀ fun fèrè saxophone nínú ‘Jaiye Jaiye’, orin tó kọ́kọ́ jáde ní 2013, kò dún bí àlejò. Ará ilé ni ó padà wá sílé.

Ibi tí àwo náà ti kù díẹ̀ káàtó ni ibi tí ó ti ń sá tẹ̀lé àlejò. Ó pe Akon, ó pe Wale, ó pe Tyga, a kò sì rí ohun tí Surulere jèrè níbẹ̀. Ẹni tó gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lè rò pé ìlúkílùú ni wọ́n ti kọ ọ́. Wọ́n ní oríta mẹ́ta a máa da àlejò láàmú. Níhìn-ín, onílé ni ó fẹ́ sọnù ní oríta ara rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2015 sì jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ wa. Drake láti Kánádà àti Skepta, ọmọ Yorùbá tí a bí sí London, ló fi ohùn ti ‘Ojuelegba’, orin tí a kọ láìpe àlejò kankan sí i. Àwọn ni wọ́n wá bá a. Òótọ́ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ojú kan ni ọjà ń wà tí gbogbo ọ̀nà fi ń rí i wọ̀.