Yíyan Ìhámọ́ra fún Alùpùpù Inú Igbó

Ó máa ń wù mí láti wo ẹni tó mọ ìhámọ́ra alùpùpù yàn. Kì í wo àwọ̀ rẹ̀ rárá. Ńṣe ló máa yí inú rẹ̀ síta, á wá àmì EN 1621-2, ìyẹn ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù, lára ààbò ẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ ìpele 1, agbára tó ń gba inú rẹ̀ dé ara nígbà ìdánwò kò gbọdọ̀ ju kilonewton (kN) 18 lọ ní ìpíndọ́gba. Tó bá jẹ́ ìpele 2, 9 kN ni. Ìdajì géérégé!

Tó bá wọ̀ ọ́ tán, kì í kàn dúró ṣánṣán níwájú dígí. Á tẹ orúnkún díẹ̀, á ya ìgúnpá síta, bí ẹni tó dìde dúró lórí alùpùpù, torí báyẹn la ṣe ń gùn ún kọjá lórí gbòǹgbò àti òkúta. Á wá fọwọ́ ti ààbò ìgúnpá. Tó bá yẹ̀ kúrò lójú egungun, á dá a padà, torí ohun tọ́wọ́ lásán lè yẹ̀, ilẹ̀ á ṣí i kúrò pátápátá. Mo gba ọgbọ́n yìí tọwọ́tẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ìhámọ́ra, ẹ mú àkoto yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Tẹ́ ẹ bá wọ ìhámọ́ra náà tán, ẹ dé àkoto, kẹ́ ẹ gbójú sókè. Tí ààbò ẹ̀yìn bá ń ti àkoto, ẹ má ra ìhámọ́ra náà.