Ọ̀rọ̀ Burúkú Tòun Tẹ̀rín: Èrò Àwọn Òǹwòran lórí Sinimá Sightseers

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni à á fi í rín. Ìgbà tí ibi bá dé bá ènìyàn ni a sábà máa ń pa òwe yìí, kì í ṣe ìgbà tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ibi sí ẹlòmíràn. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ó dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó wo Sightseers, sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ben Wheatley darí, tí ó jáde ní ọdún 2012. Alice Lowe àti Steve Oram wà lára àwọn tí ó kọ ọ́, àwọn náà ni wọ́n sì kó ipa Tina àti Chris, olólùfẹ́ méjì inú rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe é, kò sì sí òṣèré olókìkí ńlá kan nínú rẹ̀. Síbẹ̀, wọ́n fi hàn ní Cannes ní ọdún náà. Àní ajá inú rẹ̀ pàápàá gba ẹ̀bùn níbẹ̀.

Ó yẹ kí á sọ ìtàn náà ní ṣókí. Tina ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ṣì ń gbé. Ìyá yìí kò dárí jì í nítorí ajá rẹ̀, Poppy, tí abẹ́rẹ́ ìhunṣọ Tina ṣèèṣì pa. Chris, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tuntun, wá mú un rin ìrìn àjò ìgbafẹ́ pẹ̀lú kárávànì, ilé kékeré onítáyà tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn. Ibi tí wọ́n lọ wò kì í ṣe ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú olólùfẹ́ lọ: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Crich, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé pẹ́ńsùlù ní Keswick, àti afárá Ribblehead tí ọkọ̀ ojú irin ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ní Crich, ọkùnrin kan ju pépà sílẹ̀. Chris bá a wí, ọkùnrin náà sì fi àbùkù kàn án. Kò pẹ́ sí i, Chris fi mọ́tò tẹ ọkùnrin náà pa, ó ní èèṣì ni. Láti ibẹ̀ ni ikú ti ń tẹ̀ lé ikú: òǹkọ̀wé kan tí Chris ń jowú rẹ̀, ọkùnrin kan tí ó ní kí Tina kó ìgbẹ́ ajá tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó yá, Tina náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa tirẹ̀.

Èrò àwọn òǹwòran kò ṣọ̀kan rárá. Àwọn kan ní eré náà kò láàánú, pé ẹni tí ó bá lè rẹ́rìn-ín sí agbárí tí a fọ́, ọkàn rẹ̀ ti yigbì. Àwọn mìíràn ní ìwà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: kí ẹnu máa dúpẹ́, kí ó máa tọrọ gáfárà, kí inú sì máa hó bí omi orí iná, àti ìkórìíra tí ó wà láàárín mẹ̀kúnnù àti ọlọ́lá. Àwọn tí ó ní eré náà kàn ń fa gbùúrù náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tiwọn kò ní gbà wá ní àkókò.

Lójú tiwa, apá méjèèjì tí ó ń jiyàn ni ó gbà pé ikú ni a ń fi rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wà. Ohun tí ó ń pani lẹ́rìn-ín ni ìwọ̀n tí kò dọ́gba: pépà kan, ẹ̀mí kan. Ọkùnrin tí kò lè fara da pépà nílẹ̀ lè fara da òkú nílẹ̀.

Ọgbọ́n tí ó jinlẹ̀ jù wà nínú bí wọ́n ṣe to àwọn ikú náà. Olùkọ́ ni èmi tí mò ń kọ èyí. Ojoojúmọ́ ni mo ń pariwo lé àwọn ọmọ lórí pé kí wọ́n yé da pépà sí ọgbà ilé ìwé. Nígbà tí táyà gun ọkùnrin ará Crich yẹn, ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀. Ìgbà tí ó kan òǹkọ̀wé, ẹ̀rín náà dín kù, nítorí pé kò ṣẹ Chris, oríire rẹ̀ nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí Tina wá fi mọ́tò pa ẹni tí ó ń sáré ìdárayá jẹ́jẹ́ lójú títì, kò sí ìdí kankan mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fa ìdí kúrò lábẹ́ wa bí ẹni fa ẹní. Ibi tí ẹ̀rín olúkúlùkù ti dúró kò lè jẹ́ ọ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí èrò àwọn òǹwòran fi jìnnà síra tó bẹ́ẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti ka Àjà Ló Lẹrù (1969) ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ àti ìwà ọ̀daràn lè jọ gbé inú ìtàn kan. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, Lápàdé wà tí ó ń lépa àwọn ọ̀daràn. Bí ó ti wù kí á rẹ́rìn-ín tó, a mọ ẹ̀yìn ẹni tí a wà. Kò sí Lápàdé nínú Sightseers. Kò sí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ó ń tọpa àwọn méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹwòran nìkan ni adájọ́, adájọ́ náà sì ti kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ti ìfẹ́ ńkọ́? Chris ní òfin tirẹ̀: lójú rẹ̀, ẹni tí ikú tọ́ sí ni òun ń pa. Tina kọ́ ìpànìyàn bí ìyàwó tuntun ti ń kọ́ ọbẹ̀ tí ọkọ fẹ́ràn, àfi pé ó fi iyọ̀ sí i jù. Inú bí Chris sí bí ó ṣe ń pa ènìyàn láìnídìí. Apààyàn ń kọ́ apààyàn ní ìwà! Nínú gbogbo eré náà, ìjà lọ́kọláya yìí ni ó dùn mọ́ wa jù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé ‘eré yìí pani lẹ́rìn-ín’, tí kò sọ ohun tí a ń rín, ààbọ̀ ìdáhùn ni ó kọ.

Eré náà ní àléébù. Ìyàwó òǹkọ̀wé tí wọ́n pa, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbúròó rẹ̀ mọ́. Ajá wọn tí Tina sọ di tirẹ̀ ni a ń rí ṣáá. Ní ti èyí, àwọn tí ó ní kò sí àánú níbẹ̀ jàre.

Ìran ìkẹyìn ni ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwa olùkọ́ márùn-ún tí a jọ wò ó. Chris àti Tina gun orí afárá Ribblehead, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú láti jọ bẹ́ sílẹ̀. Tina jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, Chris nìkan ni ó ṣubú. Ẹnì kan nínú wa ní ọ̀dàlẹ̀ ni Tina. Ẹlòmíràn ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó bọ́ lọ́wọ́ ìyá àti ọkùnrin. Màmá kan tí wọ́n dàgbà jù wá lọ kò dá sí i. Wọ́n ní kí á dá a padà kí àwọn tún wo ojú ọmọbìnrin náà. A dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Títí a fi pa ẹ̀rọ, ohùn wa kò ṣọ̀kan.