Jádesọ́lá Àkàndé àti Òfin Tó Kan Obìnrin
Jádesọ́lá Àkàndé, obìnrin àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin ní Nàìjíríà, tó sì jẹ́ gíwá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1989 sí 1993, fi ìmọ̀ rẹ̀ gbèjà obìnrin, ó sì dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ohun tó níyì jù nínú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ni sùúrù tí a fi ń ka òfin ẹbí, èyí tó ń darí ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀ àti ogún, pọ̀ mọ́ òfin ọ̀daràn, tó ń sọ ìyà tó tọ́ sí arúfin. Ibẹ̀ ni a ti ń rí i pé abala 55 nínú òfin ọ̀daràn ti Àríwá gba ọkọ láyè láti na ìyàwó rẹ̀ níbi tí àṣà bá ti fọwọ́ sí i, bí kò bá ṣáà ti ṣe é léṣe gidi. Kò sí ibi tí abala náà ti fún ìyàwó ní irú àyè bẹ́ẹ̀.