Bí Ọmọdé Bá Ṣubú: Àyẹ̀wò Ìtàn Takekurabe ti Higuchi Ichiyō

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí wá ni ọmọdé yóò rí níwájú bí ó bá jẹ́ pé òwò àwọn òbí rẹ̀ nìkan ni ó dúró dè é níbẹ̀? Ìbéèrè yìí ni Higuchi Ichiyō, obìnrin òǹkọ̀wé ilẹ̀ Jàpáànì, gbé kalẹ̀ nínú ìtàn àròsọ kékeré tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní Takekurabe. Ohun tí àkọlé náà túmọ̀ sí ni kí àwọn ọmọdé fi ìdúró wọn wé ara wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí ó ga jù. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 1895 títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1896 ni ó ń jáde ní ìpín-ìpín nínú ìwé àtìgbàdégbà Bungakukai ní Tokyo. Ẹni tí kò gbọ́ èdè Jàpáànì lè kà á ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìtumọ̀ Edward Seidensticker tàbí ti Robert Lyons Danly.

Ọdún 1872 ni a bí Ichiyō. Nígbà tí baba rẹ̀ kú ní ọdún 1889, ẹrù ìyá àti àbúrò bọ́ sí i lọ́rùn; aṣọ rírán àti aṣọ fífọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun. Ní ọdún 1893, wọ́n kó lọ sí ìtòsí Yoshiwara, àdúgbò tí ìjọba fọwọ́ sí fún òwò nàbì. Wọ́n ṣí ìsọ̀ kékeré síbẹ̀, wọ́n ń ta súìtì àti ohun ìṣeré fún àwọn ọmọdé. Ìsọ̀ náà kò pé ọdún kan tí ó fi kógbá sílé, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń wá rajà níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn òǹkọ̀wé. Ikọ́ ife pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1896, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Obìnrin tí owó wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ tó báyìí ni wọ́n wá ya àwòrán rẹ̀ sára owó 5,000 yen ní ọdún 2004.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìtàn yìí sí ìtàn ìfẹ́ àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáwà ni ìfẹ́ náà ti hù jáde. Midori, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, a máa náwó fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ọmọ ọba, ṣùgbọ́n inú òwò nàbì tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń ṣe ni owó náà ti ń wá. Shota jẹ́ ọmọ-ọmọ olówó èlé. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, baba rẹ̀ sì padà sí ìgbèríko. Òun ni ó ń káàkiri láti gba èlé fún ìyá rẹ̀ àgbà, omijé a sì máa bọ́ lójú rẹ̀ ní alẹ́ òtútù. Shinnyo jẹ́ ọmọ àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kan tí owó àti oúnjẹ aládùn wù ju ìsìn lọ. Ìtìjú baba yìí ni ó sọ ọmọ di ẹni tí kì í lè ya ẹnu. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà láàrin ẹgbẹ́, síbẹ̀ olúkúlùkù ni ó dá wà.

Ọgbọ́n ìsọ̀tàn Ichiyō hàn jù nínú ẹ̀bùn mẹ́ta. Ẹ̀kíní wáyé níbi eré ìdárayá ilé-ìwé: Shinnyo kọsẹ̀ lára gbòǹgbò igi, ó ṣubú, Midori sì na áńkáṣíìfù pupa rẹ̀ sí i ní gbangba. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́, láti ọjọ́ náà ni ọmọkùnrin yìí sì ti ń sá fún un. Ẹ̀kejì wáyé nínú òjò: okùn bàtà onígi Shinnyo já lẹ́nu ọ̀nà ilé Midori. Ọmọbìnrin náà sáré jáde, ó mú ẹ̀já aṣọ sẹ́dà lọ́wọ́. Nígbà tí ó rí ẹni tí ó jẹ́, ohùn rẹ̀ há. Ó ju aṣọ náà gba àárín ọ̀pá ẹnu ọ̀nà láìsọ̀rọ̀. Shinnyo kò mú un. Ẹ̀kẹta wáyé ní òwúrọ̀ òtútù: ẹnìkan fi òdòdó àtọwọ́dá há ẹnu ọ̀nà Midori. Ọjọ́ kejì ni Shinnyo lọ kọ́ṣẹ́ àlùfáà. Òǹkọ̀wé kò dárúkọ ẹni tí ó fi òdòdó síbẹ̀. Bí ẹ̀bùn ti ń tẹ̀lé ẹ̀bùn ni òǹkàwé fi mọ̀ ọ́n.

Kí òdòdó yìí tó dé ni Midori ti yí padà lójijì. Wọ́n di irun àgbà fún un, ó ń sunkún, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré mọ́. Àwọn lámèyítọ́ kan, tí Maeda Ai wà lára wọn, gbà pé nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó dé. Ní ọdún 1985, òǹkọ̀wé Sata Ineko ta ko èyí: ó ní èyí nìkan kò tó láti fa irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, pé wọ́n ti fi ọmọ náà fún oníbàárà. Bí òǹkọ̀wé ti fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ yìí kì í ṣe àléébù. Ojú àwọn ọmọdé ni a fi ń wo nǹkan nínú ìtàn náà, Shota tí ó dúró tì í kò sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí ó tilẹ̀ wù kí ó jẹ́, ibì kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí: ìgbà èwe rẹ̀ ti parí.

Bí àléébù bá wà, ọ̀rọ̀ Shota ni. Midori lé e lọ, ìtàn sì gbàgbé ìbànújẹ́ rẹ̀ kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó dá wà jù ú lọ.

Ẹni tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nílò irú ìwé báyìí. Ọmọ tí ó dédé dákẹ́ nínú kíláàsì lè má jẹ́ olórí kunkun. Ó lè jẹ́ pé ó ti wo iwájú, ó sì ti rí ohun tí àwọn àgbà gbé síbẹ̀ dè é. Nínú Takekurabe, kò sí àgbà kan tí ó bi Midori léèrè kí ó sì dúró gbọ́ ìdáhùn. Ẹ̀já aṣọ sẹ́dà wà nílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òjò sì ń pa á.